Wọ́n Pàtẹ́wọ́ fún Ẹ̀jẹ̀ Rótìmí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún mi, ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí mo pè kò sì yí i padà. Yàrá tí mo wà yìí kò gbà ju kí èèyàn méjì na ẹsẹ̀ lọ. Tí bàtà wọ́dà bá ń dún bọ̀ láàárọ̀, màá dìde jókòó, màá gbọ́wọ́ lé orúnkún. Tó bá kọjá, màá tún dùbúlẹ̀. Ẹ̀rù kì í bà mí. Inú mi ò sì bàjẹ́ tó bó ṣe yẹ kó bàjẹ́. Ó dà bí ẹni pé ara mi ti kú ṣáájú mi. Wọ́dà kan ló fún mi ní bíírò àti ìwé tí mo ń kọ ọ́ sí. Mi ò ní dárúkọ ara mi, nítorí àwọn àbúrò mi ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá wa.

Ọmọ Àrígídì ni mí, ṣùgbọ́n Ìkàrẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Kò pẹ́ tí mo kọ́ṣẹ́ tán ni àwọn oníṣẹ́ fíìmù kan wá sílùú, wọ́n ní kí n fi irin ṣe ìbọn tí kì í yìn fún àwọn. Ìbọn yẹn dára. Ni wọ́n bá bi mí pé ṣé mo lè ṣe ọgbẹ́. Bí mo ṣe di ẹni tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ àti egbò fún àwọn oníṣẹ́ fíìmù nìyẹn. Màá se omi ṣúgà títí á fi ki, màá da àwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sí i, màá fi kókó lílọ̀ díẹ̀ sí i kó lè ṣókùnkùn. Àbẹ́là yíyọ́ ni mo fi ń ṣe ojú egbò. Obìnrin kan dákú ní Ògbàgì nígbà tó rí ọwọ́ gígé kan tí mo ṣe. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà.

Rótìmí ni ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ Ọ̀kà ni, iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe. Ìyá rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń bu oúnjẹ fún àwa méjèèjì sínú abọ́ kan náà, ó sì ń pe èmi náà ní ọmọ òun. Rótìmí ló rí i lórí fóònù pé àwọn kan ń ṣe ẹ̀rọ kéékèèké tó ń bá ara wọn jà, tí ẹni tó ni ín á dúró lókèèrè, tí á máa fi rìmóòtù darí rẹ̀. Ó ní kí a ṣe tiwa. Mo jó irin ara rẹ̀ pọ̀, mo sì kun eyín gbọọrọ sí i níwájú. Abẹ irin kan wà lórí rẹ̀ tó ń yí bíi fáànù. Ìkóokò la pè é. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń mú un rìn, tó sì ń mú abẹ yẹn yí, Rótìmí ló ṣe é. Awọ rẹ̀ nìkan ni tèmi.

A gbé e lọ sí ìdíje ní pápá ilé ìwé kan ní Ìkàrẹ́. Ìkóokò fọ́ gbogbo àwọn yòókù túútúú. Rótìmí ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wá bátìrì mìíràn ni nígbà tí oníròyìn rédíò kan na máìkì sí mi lẹ́nu.

“Ta ló ṣe ẹ̀rọ yìí?”

Mo wo ojú àwọn èrò tó yí mi ká.

“Èmi ni.”

“Ìwọ nìkan?”

“Èmi nìkan, sà.”

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, Rótìmí wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

“Mo gbọ́ ẹ lórí rédíò. Ṣé wọ́n gé orúkọ mi kúrò ni?”

“Wọ́n gé e ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àwọn oníròyìn yìí náà! Tó bá dìgbà mìíràn, kó o tẹnu mọ́ ọn fún wọn.”

Ó gbà mí gbọ́.

Olùdarí fíìmù kan gbọ́ ètò yẹn, ó sì wá mi kàn. Ó fẹ́ fi Ìkóokò ya fíìmù ní ẹsẹ̀ òkè Ọ̀kà. Mo sọ fún un pé ọmọọṣẹ́ mi ni Rótìmí. Ní ọjọ́ kẹta tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, olùdarí náà pariwo lójú gbogbo èèyàn pé, “Ìwọ ọmọọṣẹ́, gbé ẹ̀rọ ọ̀gá rẹ wá síbí!” Rótìmí wò mí. Ó gbé e. Nígbà tí a sinmi, ó fà mí sẹ́yìn ọkọ̀.

“Ọmọọṣẹ́ ta ni mí?”

“Jọ̀ọ́, fara dà á. Tí a bá ti parí…”

“Rárá o. Sátidé la máa parí, màmá mi náà á wà níbẹ̀. Kó o sọ òtítọ́ fún wọn. Bí o ò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́.”

“Rótìmí, orúkọ mi á bàjẹ́.”

“Tèmi ńkọ́?”

Mo padà sídìí iṣẹ́.

Nínú ibi tí a fẹ́ yà kẹ́yìn, Ìkóokò máa ṣe ẹni tó ń tún un ṣe léṣe. Rótìmí ni olùdarí ní kó ṣe ẹni náà, torí pé ó mọ inú ẹ̀rọ. Súìṣì pupa kan wà lẹ́yìn Ìkóokò: tí ó bá ti pa á, abẹ ò ní lè yí mọ́. Á wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, èmi á fi rìmóòtù tì í síwájú díẹ̀, Rótìmí á fọ́ àpò ẹ̀jẹ̀ tí mo so mọ́ ọn lọ́rùn, á sì ṣubú.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, nígbà tí ó lọ jẹun, mo tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, mo fi wáyà kúkurú kan so iná kọjá súìṣì yẹn, kí abẹ lè yí tí mo bá tẹ rìmóòtù, bí wọ́n tilẹ̀ pa á. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so ó. Mo sọ ní kọ́ọ̀tù pé ìka rẹ̀ ni mo fẹ́ kó gé, kó lè wà ní ọsibítù lọ́jọ́ kejì. Irọ́ ni. Mo mọ ibi tí ọrùn rẹ̀ máa wà.

Ní Sátidé, oòrùn mú. Ìyá Rótìmí gbé kúlà ìrẹsì wá, wọ́n fún un ní àga lábẹ́ agboòrùn. Rótìmí pa súìṣì, ó bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ rìmóòtù.

Ó ṣubú bí a ṣe fi dánra wò gẹ́lẹ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ní, “Ẹ̀jẹ̀ yìí le o!” Olùdarí ní kí wọ́n má dúró, kí wọ́n máa yà á lọ. Ìyá rẹ̀ náà ń pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Àpò tí mo so mọ́ ọn lọ́rùn kò fọ́. Èmi nìkan ni mo rí i.

Mo lọ kúnlẹ̀ tì í. Ó sọ̀rọ̀ kan sí mi. Ìyá rẹ̀ sì pè mí láti ibi tó jókòó sí:

“Ọmọ mi, sọ fún un kó dìde, ilẹ̀ yẹn gbóná.”

“Ó máa dìde, mà. Wọn ò tíì yà á tán ni.”

Dókítà sọ ní kọ́ọ̀tù pé ká ní wọ́n tètè fi aṣọ di ojú ọgbẹ́ náà, ó ṣeé ṣe kó yè.

Àwọn ọlọ́pàá tú Ìkóokò, wọ́n rí wáyà mi. Mi ò sá. Mo jókòó sínú ọkọ̀ wọn, mo ń wo ìlẹ̀kùn àwọn ṣọ́ọ̀bù bí a ṣe ń kọjá lọ.

Ní oṣù tó kọjá, ìyá Rótìmí wá síbí. Ó ti rù. Kò bú mi.

“Wọ́n ní ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Ṣé ó sọ̀rọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kí ló sọ?”

Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. “Ó ní, ‘Má fọwọ́ kàn án o, iná ṣì wà níbẹ̀. Á gé ẹ lọ́wọ́.’”

Ó ní, “Tún un sọ.”

Mo tún un sọ. Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó kí wọ́dà, ó sì lọ. Mo jókòó, mo ń retí kí ẹkún wá. Kò wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fọwọ́ yín ṣiṣẹ́, ní Ìkàrẹ́, ní Ṣúpárè, níbi yòówù kí ẹ wà, mo bẹ̀ yín, ẹ má tọ ọ̀nà tí mo tọ̀. Ẹ má gba ìyìn tó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Tí ẹ bá sì ti gbà á, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la kí ẹ tó jẹ́wọ́. Mo mọ Rótìmí. Ká ní mo jẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, ì bá bú mi títí ilẹ̀ á fi ṣú, ì bá sì padà wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ lọ bá ẹni tí ẹ ṣẹ̀ lónìí, nígbà tó ṣì lè bú yín.