Òwú Tí Mo Bà Jẹ́ Mọ́ Ọmọ́yẹni Lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ìwọ Tósìn tí mo rí lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ẹ̀rí ìwòsàn. Àwọn dókítà ti ní kí Babájídé ọmọ mi máa gbé mi lọ sílé, kíndìnrín mi ti daṣẹ́ sílẹ̀. Kó tó di pé ẹ ṣìnkú mi, kí ẹ máa pè mí ní obìnrin rere, ẹ gbọ́ irú ẹni tí mo jẹ́. Ọmọ́yẹni kọ́ ló ṣe ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ lé e kúrò nílùú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Èmi Christiana ni.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ ilé ní Ùsì níbí. Ọ̀pọ̀ yín ló jẹ́ pé ọwọ́ mi lẹ ti kọ́ bí a ti ń fi abẹ́rẹ́ méjì hun súwẹ́tà. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni Ọmọ́yẹni wá gba yàrá kan nínú ilé mi. Opó ni, ará Ìpáò, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń pè mí ní Yèyé. Lọ́jọ́ kan ó bá mi níbi tí mo ti ń hun òwú funfun, ó ní, "Yèyé, ẹ jẹ́ kí n bá yín rẹ díẹ̀ nínú ẹ̀ láró, bí ìyá àgbà mi ṣe máa ń ṣe é." Ó gún ewé elú, ó sẹ́ omi eérú, ó to ìkòkò mẹ́ta sí ẹ̀yìnkùlé mi. Nígbà tó yọ òwú náà, àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ní, àfi bí atẹ́gùn ṣe fẹ́ sí i lórí okùn tó ń yí padà níṣojú mi, títí tó fi dà bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Mo pariwo bí ọmọdé.

Ọdún mẹ́rin la fi jọ ṣe é. Òun ń rẹ ẹ́, èmi ń hun ún. Kò sóhun tó kà sí bíi fífọ òwú. Bó bá rẹ ẹ́ tán, á fọ̀ ọ́, á tún un fọ̀, títí omi rẹ̀ á fi mọ́ lóló. Á ní, "Yèyé, awọ ọmọ tuntun ni yóò kàn." Àwọn ìyá ìkókó ń wọ takisí láti Ìdó wá bá wa, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni wọ́n ti ń ta fìlà Ọmọ́yẹni?" Fìlà Ọmọ́yẹni. Fìlà tí èmi fi ọwọ́ ara mi hun. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní ibí ni, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan.

Ọpẹ́yẹmí, ọmọ ìlú wa tó ń gbé Èkó, wá ṣọdún Kérésì, ó ya fọ́tò wa nídìí ìkòkò. Nígbà tó di oṣù kẹta, ìwé ìròyìn kan l'Ékòó gbé e jáde. Ọmọ́yẹni ò tíì kà á tán tó fi sáré gbé fóònù wá bá mi. "Yèyé, ẹ wá wò ó, wọ́n ti gbé wa jáde!" Mo wò ó. Ojú rẹ̀ ló kún inú fọ́tò náà. Tèmi, ọwọ́ mi nìkan ló hàn létí ibẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ. Mo ní, "Ìwọ ni wọ́n gbé jáde." Ó rò pé mò ń ṣeré, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù. Mo ní, ẹni tí mo gbà sílé, tí mo pè lọ́mọ, ó ti dà mí. Mi ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ká ní mo bi í ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán lọ́jọ́ yẹn.

Oṣù yẹn náà lẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ká hun fìlà àti súwẹ́tà fún àwọn ọmọ tí wọ́n máa ṣèrìbọmi fún ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde. Ọmọ́yẹni rẹ òwú, ó fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́rin, ó sá a, ó gbẹ. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ láti Ìpáò pé bàbá rẹ̀ ṣubú lóko kòkó. Bó ti ń di ẹrù lọ́wọ́, ó ní, "Yèyé, híhun nìkan ló kù. Ẹ bá mi mójú tó o."

Mo mójú tó o. Mo ra sódà, èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò, tó ń jẹ awọ. Mo pò ó mọ́ omi, mo rẹ gbogbo òwú náà sínú rẹ̀, mi ò fi omi ṣàn án, mo tún un sá. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, á ba aṣọ funfun àwọn ènìyàn jẹ́, orúkọ tí wọ́n ń pariwo yẹn á sì wá di ohun ìtìjú. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó burú. Bí mo ṣe ń hun ún, òwú náà ń ta mí lọ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, orí ìka mi ti bó. Èmi àgbàlagbà, tí ọwọ́ mi yi! Mo mọ̀ pé orí ọmọ ìkókó la máa dé e lé. Mo fi báńdéèjì wé ìka, mo ń hun ún lọ.

Ọmọ́yẹni dé nígbà tí iṣẹ́ ti parí, tí mo ti dì í sínú ọ̀rá. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ rí. "Yèyé, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?" Mo ní omi iṣu ló dà sí mi lára. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ mi lé itan, ó ń fi òrí pa ìka mi níkọ̀ọ̀kan. Mo wo orí rẹ̀ tó tẹ̀ síwájú mi. Ọ̀rá wà lórí àga lẹ́yìn rẹ̀.

Tósìn, ìwọ mọ ìyókù. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ làágùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọmọ márùn-ún ni. Nígbà tí o ṣí fìlà lórí Ọlámipọ̀sí ọmọ rẹ, awọ bá a jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Àpá náà wà níbẹ̀ di òní. Mo máa ń rí ọmọ náà tó ń lọ sílé ìwé, màá sì yà sí ọ̀nà mìíràn.

Nínú gbọ̀ngàn yìí lẹ ti pè wá. Ọmọ́yẹni dúró láàárín, ó ní, "Mo fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́rin. Kò sí kẹ́míkà kankan nínú uṣẹ́ mi. Ẹ bi Yèyé mi, wọ́n wà níbẹ̀." Gbogbo yín yíjú sí mi. Mo ti ọwọ́ mi bọ abẹ́ ìborùn. Mo ní, "Híhun ni tèmi. Ohun tó ń dà sínú ìkòkò, kì í jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Mo ti kìlọ̀ fún un títí." Ó wo ojú mi, lẹ́yìn náà ó wo ibi tí ọwọ́ mi wà lábẹ́ ìborùn, ó wò ó pẹ́. Mo rí i pé ó ti yé e. Ó kù kó sọ pé kí n yọ ọwọ́ síta ni, gbogbo ayé ì bá rí i. Kò sọ ọ́. Ohun tó sọ kò ju, "Yèyé, ẹ̀yin?"

Wọ́n fọ́ ìkòkò rẹ̀, wọ́n fa elú tó gbìn tu. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìpáò pẹ̀lú àpò kan. Ojú fèrèsé ni mo wà.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà náà, Ọpẹ́yẹmí dé, ó ń bèèrè rẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀ mí nítorí fọ́tò yẹn, ó ní àwọn tó tẹ ìwé ìròyìn ló gé orúkọ mi kúrò. Ó tẹ fóònù rẹ̀ kí n gbọ́ ohùn tí Ọmọ́yẹni ti fi ránṣẹ́ sí i kí wọ́n tó gbé e jáde: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ Yèyé ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú. Ulé wọn la ti ń ṣe é. Bí kò bá sí orúkọ wọn ńbẹ̀, ẹ má gbé tèmi jáde." Mo gbọ́ ọ, mo sì tún dákẹ́ ọdún mẹ́fà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àṣìgbọ́ ló fà á. Ká tilẹ̀ ní ó dà mí lóòótọ́, kí làwọn ọmọ márùn-ún ṣe fún mi?

Lóṣù tó kọjá mo rán Babájídé sí Ìpáò láti bá mi tọrọ àforíjì. Ó bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Kò rẹ òwú mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní, "Sọ fún Yèyé pé mi ò ní àforíjì kankan lọ́wọ́ tí mo lè fi rán ọ. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́, ibi tí wọ́n ti parọ́ mọ́ mi ni kí wọ́n ti sọ ọ́." Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé mi wá síbí.

Tósìn, mo bẹ̀ ọ́, àti àwọn ìyá mẹ́rin tó kù. Bí ẹ ò bá lè dárí jì mí, mo gbà. Ẹ̀yin ọmọdébìnrin, bí ọ̀rẹ́ yín bá ṣe ohun tó dùn yín, ẹ bi í. Ojú ló máa tì yín fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin tí ẹ sì fọ́ ìkòkò, èyí kù sí yín lọ́wọ́: ẹ lọ bá Ọmọ́yẹni ní Ìpáò, kí ẹ kúnlẹ̀. Kí ẹ má sọ pé èmi ni mo rán yín.