Ògiri Tó Lanu

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Òṣíẹ̀lẹ̀ bọ̀ ní Ìtòkú ni ìyá àgbàlagbà kan àti tíṣà tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù ti jókòó tì mí.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ ọmọ mi kúrò nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Ògiri, pé kò sẹ́ni tó lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá."

"Èṣí nìyẹn, Ìyá. Ògiri ti lanu, aláǹgbá ń wọ̀ ọ́. Látìgbà tí ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ti kán mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí pápá, ó ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì."

Bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Àánú ọmọ tí n kò mọ̀ rí ṣe mí.

"Kò wá lè dára mọ́ ni?"

"Ó lè dára, bó bá gbàgbé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń lọ pọnmi nílé ọmọ tó farapa. Ta ló ń rán an?"

"Èmi ni. Mo mú un lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, mo sì ṣèlérí pé yóò máa pọnmi wọn títí ọmọ wọn yóò fi rìn dáadáa."

"Kò tíì rìn ni?"

"Igi ló ṣì fi ń rìn." Ó fi ìborùn nu ojú. "Ṣé kí n ní kó má lọ mọ́?"

Ọkọ̀ dé Ìtòkú. Tíṣà bá ìyá náà sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ, Ìyá. Èmi á wá Ògiri mìíràn."