Dáńkè Olúdayọ̀

Olúsànyà ti pinnu pé òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu òun kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́la ni àwọn àgbà ilé Olúdayọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú, ní Bẹẹrẹ fẹ́ wọn ilẹ̀ Olúdayọ̀ fún un láti fi kọ́lé, nítorí Èjìdé, ìyá tó bí Olúdayọ̀, ti sọ fún gbogbo ayé pé Olúsànyà lọmọ tó kù fún òun. Ta ló máa gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí yóò rí oorun sùn lórí rẹ̀? Ó gba ẹsẹ̀ òkè Mápó kọjá, ó bá ìyá náà lórí ẹní lọ́ọ̀dẹ̀.

"Ìyá, irọ́ ni mo ti ń pa fún yín láti ọjọ́ tí mo ti Jámánì dé."

Ìyá Èjìdé rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn ìtàn rẹ̀ ló tún fẹ́ sọ.

A ò lè bá a wí. Òyìnbó Jámánì kan tó ń ra èkùrọ́ n'Íbàdàn ló mú àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà lọ sí ìlú Hámbọ̀gì ní Jámánì láti lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ. Olúsànyà nìkan ló padà wá, ìròyìn ló sì gbé bọ̀. Gbogbo Bẹẹrẹ ló ti gbọ́ pé àwọn ará ọ̀hún kì í dáná alẹ́, pé búrẹ́dì àti ẹran tútù ni wọ́n ń jẹ sùn. Wọ́n ti gbọ́ pé lọ́jọ́ Ìsinmi, tìyá tọmọ a múra, wọ́n a wọ igbó lọ, wọn ò roko, wọn ò dẹgbó, wọ́n a kàn rìn títí, wọ́n a sì padà sílé. Bí o bá sì pẹ́ díẹ̀ kọjá aago tí o dá fún wọn, wọ́n a máa wò ọ́ bí ẹni tó jalè. Àwọn obìnrin Ọjà'ba a rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi di inú mú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Olúsànyà kì í fi kún un.

Ọ̀rọ̀ náà ni dáńkè. Ẹ ṣé ni ìtumọ̀ rẹ̀, òun sì ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ kọ́, nítorí ìdúpẹ́ ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa kọ́kọ́ bèèrè nínú èdè ẹlẹ́dè. Àmọ́ lọ́dọ̀ wọn, bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ ọ́ tí o wí pé dáńkè, o ti kọ̀ ọ́ nìyẹn. Wọn ò ní rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, Bertha, obìnrin tó gbà wọ́n sílé, gbé búrẹ́dì wá, ó bi wọ́n bóyá wọ́n á jẹ. Àwọn méjèèjì tẹríba, wọ́n ní dáńkè, Bertha sì gbé búrẹ́dì rẹ̀ padà.

Kò pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi là á yé Olúsànyà: "Bítè ni kó o máa wí tó o bá fẹ́." Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ sáré lọ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wá rò ó pé kí òun kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ná. Ó wí pé bítè, ó jẹun. Olúdayọ̀ gbọ́ ọ, àmọ́ ó mọ̀ pé jọ̀wọ́ ni ìtumọ̀ bítè, ó ní òun ò ní máa bẹ̀bẹ̀ oúnjẹ bí alágbe, ìdúpẹ́ ló yẹ ọmọlúàbí. Bertha bá ti ìpín Olúdayọ̀ síwájú Olúsànyà. Bí yẹ̀yẹ́ ọjọ́ kan ṣe di ti ojoojúmọ́ nìyẹn.

"Mo jẹ búrẹ́dì ọmọ yín, Ìyá. Ó bi mí pé, 'Sànyà, kí ló dé tí obìnrin yìí fẹ́ràn rẹ jù mí lọ?' Mo ní bóyá torí pé mo rẹwà jù ú lọ ni. Ẹ ò rí ẹnu mi!"

Ìyá Èjìdé ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ṣé ebi ló wá pa á ni?"

"Rárá o. Wọ́n ń fún wa lóúnjẹ ọ̀sán níléèwé. Èyí tó burú ń bọ̀, Ìyá."

Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀, ikọ́ mú Olúdayọ̀, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bertha dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé kí n lọ pe dókítà?" Olúdayọ̀ pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lórí ibùsùn. "Dáńkè." Obìnrin náà wo Olúsànyà, bí ẹni tó fẹ́ kó dá sí i. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kó sọ. Àmọ́ bó bá sọ ọ́, Olúdayọ̀ yóò bi í pé láti ìgbà wo ló ti mọ̀. Ojú tì í. Ó wolẹ̀, Bertha sì fa ilẹ̀kùn dé.

"Ó ń retí dókítà, Ìyá. Ó ń bi mí pé, 'Sànyà, ṣé kò tíì dé ni?' Mo ní ó wà lọ́nà. Mo parọ́ fún un, ó sì gbà mí gbọ́. Nígbà tí mo fi máa sáré lọ pe dókítà fúnra mi, ó ti pẹ́ jù. Mo wá délé, mo sọ fún yín pé òtútù ló pa á. Kì í ṣe òtútù nìkan. Ẹnu tí mo pa mọ́ ni." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mi ò lè gba ilẹ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Omi ń bọ́ lójú Ìyá Èjìdé, kò nù ún.

"Ó ń dúpẹ́ títí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wí pé, "O ṣé, Sànyà."

Olúsànyà gbórí sókè. Ó wo ojú ìyá náà, kò rí ohun kan dì mú níbẹ̀.

"Ìyá, ẹ ṣàánú mi. Èwo ni 'O ṣé' yẹn? Ṣé ti Bẹẹrẹ ni, àbí ti Hámbọ̀gì?"

Ìyá Èjìdé dìde, ó ká ẹní rẹ̀.

"Ìwọ lo gbọ́ èdè méjèèjì," ó wí, ó sì wọlé lọ.