Òkèlè àti Ọwọ́ Ìyá Àgbà

Ẹ jókòó. Túndé, pa fóònù yẹn. Mo ní kí o pa á jàre. Ọkùnrin oníbúlọ́ọ̀kù tí ẹ ní kó wá mú Jáàkì ajá mi kò tíì dé láti ibùdókọ̀ Pleasure, mo sì ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kó tó kan géètì. Bùkọ́lá ńkọ́? Ó wà níbẹ̀? Kí ló dé tí o dákẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó dáa, jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ẹ ní Jáàkì ti darúgbó. Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbi tí ilé rẹ̀ wà. Ẹ ní àwọn ayálégbé ń bẹ̀rù rẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ ò bi mí o, ẹ kàn sọ fún mi ni. Ọjọ́ wo lẹ tiẹ̀ bi ìyá yín àgbà léèrè ohunkóhun? Jáàkì náà nìyí tó dùbúlẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, kò mọ̀ pé wọ́n ti fi òun tọrẹ. Kó tó lọ, ẹ máa gbọ́ tèmi lónìí.

Ìgbà tí mo ṣì ń pọnmi, tí ọmú ò tíì yọ láyà mi, Ìgándò tí ẹ ń wò yìí, igbó ni. Ibi tí ẹ ti ń wọ Márúwá yẹn, oko ẹ̀gẹ́ bàbá mi ni. Ibi tí wọ́n ń da pàǹtí sí ní Solous, tí òórùn rẹ̀ ń bá wa jẹun báyìí, ìyá mi a máa ṣẹ́gi níbẹ̀. Ilé amọ̀ là ń gbé. Bàbá mi, ìyá mi, èmi, àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Ojú Ìyá Àgbà ti fọ́ kí n tó gbọ́njú. Kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, àfi tí oòrùn bá kàn án lára. Òkèlè ló wá kù. Ajá ni Òkèlè.

Ẹ mọ ìdí tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀? Bí Ìyá Àgbà bá ń jẹun, òkèlè àkọ́kọ́, ti ajá ni. Á na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ajá á gbà á wẹ́rẹ́, eyín rẹ̀ ò ní kan ìka. Ìyá mi a ní, "Ìyá, oúnjẹ yẹn ò mà pọ̀ o." Ìyá Àgbà a ní, "Ṣé ìwọ lò ń mú mi lọ sódò?"

Torí Òkèlè ló ń mú un lọ sódò. Ẹ gbọ́... kò sẹ́ni tó kọ́ ọ o. Ṣé ilé-ìwé ajá wà nígbà yẹn ni? Ìyá Àgbà á gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, wọ́n á jọ máa rọra lọ. Gbòǹgbò igi kan wà tó dábùú ọ̀nà. Bí Òkèlè bá débẹ̀, á dúró. Kò ní mira. Ìyá Àgbà á fi ẹsẹ̀ wá gbòǹgbò náà, á gbé ẹsẹ̀ kọjá, á ní, "Ó tó, ọmọ mi." Ìgbà yẹn ni ajá á tó gbéra.

Kí ajá yẹn tó dàgbà, inú yàrá ni Ìyá Àgbà máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀. Ìyá mi ní ó dà bíi pé ó ń retí ikú. Ajá ló mú un jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí èèyàn lójú ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú èèyàn pẹ̀lú! Inú wa dùn pé ó ń bú wa.

Ṣùgbọ́n Òkèlè kì í ṣe tiwa. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Láyé ìgbà yẹn, bí ẹnìkan bá ní abo ajá tàbí abo ewúrẹ́, tí kò ráyè tọ́jú rẹ̀, á fún ẹlòmíràn gbà sìn. Àgbàsìn là ń pè é. Ìyá ẹran, ti ẹni tó ni ín ni. Bó bá bímọ, ẹ ó jọ pín in, òun ló máa kọ́kọ́ mú tirẹ̀. Kò sí lọ́yà, kò sí ẹlẹ́rìí. Ẹnu là ń lò. Lónìí ńkọ́? Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò lè jọ ní adìẹ kan kí wọ́n má dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ló ra ìyá Òkèlè tó fún bàbá mi gbà sìn. Nígbà tí ajá náà bímọ, wọ́n ní kó wá mú tirẹ̀. Ó nawọ́ sí Òkèlè, ó ní, "Èyí ni tèmi. Ẹ ṣì bá mi tọ́jú rẹ̀, mò ń lọ sí Èkó." Ó lọ. Kò mẹ́nu kàn án mọ́. Àwa náà ò rán an létí. Ta ló ń ránni létí irú ìyẹn? A rò pé ó ti gbàgbé. Ìyá ajá kú, wọ́n kó àwọn ọmọ yòókù fún àwọn aládùúgbò, Òkèlè di ojú Ìyá Àgbà.

Àfi bí Bàbá Kékeré ṣe gbé ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà dé láti Èkó. Gbogbo abúlé jó. Ó gbé e síwájú àgbẹ̀dẹ, Ìyá Àgbà fọwọ́ pa á lára, ó súre fún un. Ẹ̀yin, bí ẹ bá ra mọ́tò, ẹ ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ á da òróró sí i lórí, ó parí. Nígbà yẹn, Ògún ni wọ́n ń bọ sí i. Ajá sì ni Ògún ń jẹ. Mi ò ní kí ẹ padà síbẹ̀ o, èmi náà ti gba Jésù. Mò ń sọ bó ṣe rí ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá sílé wa pẹ̀lú okùn. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá mi dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo wá mú ajá mi."

Bàbá mi ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀bẹ dúró. "Ajá wo?"

"Èyí tí mo ní kí ẹ bá mi tọ́jú. Òkèlè."

Mo wo ojú bàbá mi... mo ṣì ń rí ojú yẹn. Kí ló fẹ́ sọ? Pé kì í ṣe tirẹ̀? Tirẹ̀ ni. Ó ní, "Àbúrò mi, jẹ́ kí n wá òmíràn fún ọ."

Bàbá Kékeré ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti dárúkọ rẹ̀ fún Ògún. Mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ ọkọ̀ wíwà, ọkọ̀ rẹ̀ já sí kòtò lọ́nà Abẹ́òkúta, òkú rẹ̀ ni wọ́n fà jáde. Ẹ̀rù ń bà mí." Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin gìrìpá, ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni o. Kì í ṣe èèyàn burúkú.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Àgbà àti Òkèlè ń ti odò bọ̀. Ajá rí Bàbá Kékeré, ó ń ju ìrù fún un. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ń ju ìrù fún un! Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀, ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ kan okùn. Ó fọwọ́ tọ okùn yẹn lọ, títí ó fi kan ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Kí lo fẹ́ fi ajá mi ṣe?"

Ó yé Ìyá Àgbà. Èmi tí mo dúró níbẹ̀, mo rí i pé ó yé e. Ìyá mi ti kúnlẹ̀. Bàbá mi ń bẹ̀bẹ̀, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ má sọ̀rọ̀ kankan." Ẹ mọ ohun tí à ń bẹ̀rù? Kí ìyá má lọ ṣí ọmú síta, kó fi gégùn-ún fún ọmọ tó bí. Bí ìyá bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ, ọkọ̀ wo lo tún fẹ́ wà láyé yìí?

Kò gégùn-ún. Ó gba ìdí okùn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ta á ní kókó. Ó fi eyín fà á kó lè le. Ó ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ìyá, níbo?"

"Ibi tí ò ń mú un lọ."

Ẹ gbọ́ o... ajá ló mú un dé àgbẹ̀dẹ. Ẹ rò ó wò. Ajá ló ń rọra mú un lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ pa òun fúnra rẹ̀. Bó bá kan òkúta, á dúró dè é. Bàbá Kékeré ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, kò lè síwájú, kò lè fi ọwọ́ kan okùn. Àwọn èèyàn ń jáde wá wò wá. Kò sẹ́ni tó kí ẹnikẹ́ni.

Bàbá alágbẹ̀dẹ ti pọ́n àdá sílẹ̀. Ó rí wa, ó dìde. Ìyá Àgbà dúró. Ó ní, "Ọmọ mi, ìbéèrè kan ni mo ní. Bí ẹ bá pa á tán, ta ni yóò mú mi délé?"

Bàbá Kékeré ní, "Èmi ni, Ìyá."

"Ìyẹn ni tòní. Tọ̀la ńkọ́? Ìwọ tí o máa wà lọ́nà Abẹ́òkúta?"

Bàbá alágbẹ̀dẹ ló sọ àdá sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ lọ mú àkùkọ wá. Kí ẹ sun iṣu. Ògún ń jẹ ìyẹn náà. Ajá tí okùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá, èmi ò ní fọwọ́ mi bẹ́ ẹ lórí."

Ẹ rò pé ó tán? Kò tán. Bàbá Kékeré figbe ta. Ó ní, "Mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́! Bí ọkọ̀ bá dojú dé ńkọ́? Bí mo bá pa èèyàn sójú ọ̀nà ńkọ́?" Ó ń sunkún, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń wò ó.

Ìyá Àgbà ní, "Bọ ohun tí o bá fẹ́ bọ. Bí o bá ṣe tán, èmi ni kí o kọ́kọ́ gbé. Èmi àti ajá mi. Bó bá máa dojú dé, kó dojú dé mọ́ ìyá rẹ lórí."

Bàbá mi kọ̀. Ìyá mi kọ̀. Ta ló gbọ́ tiwọn? Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n gbé e sókè síwájú ọkọ̀, ajá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kọrí sọ́nà Ìkọ̀tún. Ọ̀nà yẹn nígbà yẹn, kòtò lọ́tùn-ún, kòtò lósì. Eruku bò wọ́n, a ò rí wọn mọ́.

A dúró. Oúnjẹ wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Ìyá mi ń lọ ń bọ̀. Bàbá mi ò jókòó, kò sì dúró lójú kan. Gbogbo ìgbà tí ẹyẹ bá fò, mo rò pé ariwo ìjàm̀bá ni. Oòrùn yí, a ò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá mi ti mú àdá, ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn lọ wá wọn... la bá gbọ́ fèrè ọkọ̀.

Òkèlè ló kọ́kọ́ fò sílẹ̀. Ó yíjú padà, ó dúró dè é. Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Ó ní, "Ọkọ̀ yìí ń sáré bí ẹni tó jalè." Bàbá mi rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Kékeré kúnlẹ̀, ó tú kókó yẹn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, tèmi ni tẹ́lẹ̀. Mo ti fún yín."

Ọkọ̀ yẹn ò dojú dé títí tó fi gbó. Ẹ̀yìn àgbẹ̀dẹ ló jókòó sí, ewé bò ó.

Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, Òkèlè ò yé lọ sódò. Òun nìkan. Á rọra máa rìn, bíi pé ẹnìkan wà lẹ́yìn òun. Bó bá dé ibi gbòǹgbò, á dúró. Á dúró pẹ́. Kò mọ ìgbà tí òun máa gbéra, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un. Mi ò lè wò ó. Mo lọ bá a, mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, mo dijú, mo gbé ẹsẹ̀ kọjá. Mo ní, "Ó tó, ọmọ mi." Ó gbéra. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ títí òun náà fi kú. Mo sunkún ajá yẹn ju bí mo ṣe sunkún àwọn èèyàn kan lọ, ẹ má bi mí ta ni.

Lónìí, ẹ ó so ajá mọ́ géètì, ẹ ó ní kó máa gbó. Bí kò bá lè gbó mọ́, ẹ ó pe oníbúlọ́ọ̀kù.

Túndé. Nígbà tí o wọlé lẹ́ẹ̀kan, o rò pé mo rí ọ? Ohùn rẹ ni mo fi mọ̀ ọ́. Òjò èṣí ni ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Ọ̀tún ti lọ. Òsì, òjìji ni mò ń rí. Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀! Mi ò sọ, torí mo mọ̀ yín. Ẹ ó ní kí n má jáde mọ́, kí n jókòó sínú yàrá, kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n tí mi ò rí. Ta lẹ rò pó ń mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní òpin àdúgbò? Gọ́tà tí ẹ gbẹ́ síwájú ilé tí ẹ ò bò, ta lẹ rò pó ń dúró níbẹ̀ kí n lè fẹsẹ̀ wá etí rẹ̀? Kò sẹ́ni tó kọ́ Jáàkì náà.

Ẹ gbọ́... Géètì nìyẹn. Ọkùnrin yẹn ti dé.

Bùkọ́lá, má sunkún. Mi ò ní gégùn-ún fún ẹnikẹ́ni. Túndé, lọ ṣílẹ̀kùn fún àlejò rẹ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ mú okùn Jáàkì wá síbí. Ọwọ́ mi nìyí. Èmi ò rí kókó ta mọ́, ìwọ ni kí o bá mi ta á. Jẹ́ kó le dáadáa.