Kì í Ṣe Ààrá Ló Jó Kọ̀ǹpútà Kọ̀jó

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti pẹ́ débi pé mo ti ń rò pé yóò bá mi dé sàréè. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń kọ̀wé sí gbogbo ayé. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi tún ṣe ní Agbonou, lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ Atakpamé, títí ojú mi fi di bàìbàì. Ṣùgbọ́n ọmọ kan gbé nǹkan wá síwájú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti ìgbà náà oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Kọ̀jó lorúkọ rẹ̀. Káfíńtà ni. Ọmọ Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò níbí ni, agbo ilé wọn kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ní tèmi, Nàìjíríà làwọn òbí mi ti kó ọjà wá, Mùsùlùmí sì ni wá. Ànàgó, bí wọ́n ti ń pe Yorùbá níbí, ni Kọ̀jó máa ń pè mí, bí ẹni pé n kò ní orúkọ mìíràn. Bí ó bá se iṣu, ó ti dá tèmi sí. Bí wọ́n bá fún mi ní ẹran iléyá, mo ti gé tirẹ̀.

Àbúrò Kọ̀jó tó wà ní Faransé ló fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́ sí i. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ ń gbé lé itan lónìí. Ti àtijọ́ ni, èyí tí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé àti gbogbo inú ẹ̀rọ wà pa pọ̀ nínú ike kan ṣoṣo, tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí a tó rí nǹkan, tí eré inú rẹ̀ sì ń ti inú kásẹ́ẹ̀tì wá. Eré ọkọ̀ òfurufú kan wà níbẹ̀ tí Kọ̀jó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Àmọ́ ìka káfíńtà tóbi. Bí ó bá tẹ bọ́tìnnì kan, mẹ́ta ni yóò wọlé, ọkọ̀ rẹ̀ á sì fọ́.

Ó bínú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ànàgó, ṣé adìẹ ni mí tí n ó máa ṣa nǹkan yìí jẹ?"

Ó ti rí ẹ̀rọ eré kan ní ilé ọtí kan ní Lomé, èyí tó dúró bíi kọ́bọ́ọ̀dù, tó ní ọ̀pá tí èèyàn ń gbá mú àti bọ́tìnnì ńlá tí èèyàn lè fi ọwọ́ lù. Ó ní kí a ṣe irú rẹ̀ kékeré, sínú àpótí tó ṣeé gbé lé itan. Òun yóò ṣe igi rẹ̀, èmi yóò ṣe wáyà rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa àpótí yẹn díẹ̀, nítorí ó dára. Igi tíkì ló fi kàn án. Kò sí ìṣó kan lára rẹ̀, gbogbo igun rẹ̀ ló fi eyín kọ́ ara wọn. Ó gbẹ́ orí ọ̀pá náà róbótó bí ọsàn kékeré, ó sì fi epo pa á títí ó fi ń dán. Èmi gé agolo sàdíìnì sí ahọ́n wẹ́wẹ́, mo tò wọ́n yí ìdí ọ̀pá náà ká. Bí o bá ti ọ̀pá sí ọ̀tún, ahọ́n kan á kan èkejì, kọ̀ǹpútà á sì mọ̀ pé ọ̀tún lo fẹ́. Bọ́tìnnì aago ẹnu ọ̀nà tó ti bàjẹ́ ni mo fi ṣe èyí tí ọkọ̀ náà fi ń yìnbọn. Lẹ́yìn náà mo kó gbogbo wáyà jọ sí ẹnu púlọ́ọ̀gì kan tó ní ẹsẹ̀ wínníwínní, èyí tó bá ihò ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà mu.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Àwòrán púlọ́ọ̀gì náà wà nínú ìwé ìròyìn Faransé kan, iwájú rẹ̀ ni wọ́n sì yà. Ẹ̀yìn rẹ̀ lèmi ń jó wáyà mọ́. Ẹ wo ẹni méjì tó kọjú síra wọn: ọ̀tún ẹnì kan, òsì ẹnì kejì ni. Ẹsẹ̀ tí agbára iná ń gbà jáde àti ẹsẹ̀ tí iná ń gbà padà sílé, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà. Mo ka ẹsẹ̀ náà láti ẹ̀yìn bí ẹni tó wà níwájú, mo sì fi ọ̀kan ṣe èkejì.

Àṣìṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ yóò ṣìṣe. Ohun èlò tí a fi ń wọn iná wà nínú àpò mi, mo sì ti bá ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wí gan-an nítorí pé kò wọn nǹkan kó tó so ó. Ṣùgbọ́n òjò ti ṣú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a sì mọ̀ pé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á mú iná lọ. Mo fẹ́ rí i kó ṣiṣẹ́ kí iná tó lọ. Mo kánjú.

Kọ̀jó àti ìyá rẹ̀ ti sáré jáde lọ kó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá sórí àpáta. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá Kọ̀jó. Mo so àpótí náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo ti ọ̀pá. Ọkọ̀ òfurufú kò mira. Mo tún tì í. Ìlà gbọọrọgbọọrọ bo ojú tẹlifíṣọ̀n, òórùn nǹkan tó ń jó sì gba yàrá. Mo fa púlọ́ọ̀gì náà yọ. Bí mo ti fà á yọ báyìí ni ààrá sán lórí òkè, tí gbogbo páànù ilé mì.

Ìyá Kọ̀jó wọlé pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí. Ó ní, "Kí ló ń jó?"

Ojú tì mí. Èmi, tí gbogbo Agbonou ń gbé rédíò wá fún. Mo sì fèsì, "Ààrá ni, Ìyá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kí ohun tí mo sọ yé yín. Ní ilé tiwa, bí ààrá bá sán, a ó dárúkọ Ọlọ́run, a ó ti fèrèsé, ó parí. Ní agbo ilé Kọ̀jó, àwọn tí ń bọ ààrá ni wọ́n. Ààrá kì í ṣàdédé wọlé ẹnikẹ́ni. Olè ló ń wá, tàbí òpùrọ́. Mo mọ èyí. Mo ti jẹun nínú agbo ilé wọn tó ẹni tó yẹ kó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ló sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ọkàn mi kò tíì débẹ̀.

Agbọ̀n bọ́ lórí ìyá náà. Ó tú gèlè rẹ̀, ó mú mi lọ́wọ́, ó fà mí jáde sínú òjò, ó ń ké pé ààrá ti wọlé àwọn. Kọ̀jó dúró níta, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó bi mí ní ohun kan ṣoṣo.

"Ànàgó, ṣé àpótí mi wà lára rẹ̀ nígbà tí ààrá bọ́ lù ú?"

Mo ní, "Rárá, n kò tíì so ó." Irọ́ kejì nìyẹn. Mo sì gbé àpótí náà sínú àpò irinṣẹ́ mi, mo gbé e lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má baà tú u wò.

Àwọn àgbà ilé wá, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n náà jáde. Ohun tí ààrá bá ti fọwọ́ kàn, tirẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sunkún lé e. Wọ́n mú Kọ̀jó jókòó sáàárín agbo ilé, wọ́n ní kó sọ ohun tó ṣe. Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní kó lọ ronú.

Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà yẹn ni ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ fún ara mi pé kò ní rí nǹkan kan sọ, wọn yóò ṣe ètùtù wọn, ọ̀rọ̀ á sì tutù. N kò mọ̀ pé bí a bá ní kí olóòótọ́ èèyàn wá ẹ̀ṣẹ̀ nínú ara rẹ̀, yóò rí i.

Kọ̀jó padà wá. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Ó ní nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun kú, òun hú pèrègún tó wà ní ààlà oko àwọn méjèèjì, òun sì tún un gbìn síwájú, sínú ilẹ̀ opó ẹ̀gbọ́n òun. Ilẹ̀ náà kò ju ibi tí èèyàn lè kọ ebè díẹ̀ sí lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Opó náà, Ìyá Yáwà, pàápàá kò mọ̀. Mo dúró lẹ́yìn àwọn èèyàn, mo ń gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi ń jẹ́wọ́ fún ààrá tí kò wá.

Wọ́n dá ilẹ̀ náà padà fún Ìyá Yáwà. Ó gbin àgbàdo àti ẹ̀wà síbẹ̀, ó fi kún ohun tó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Èyí ni aṣọ tí mo fi ń bo ara mi láti ìgbà náà. Mo máa ń sọ pé, ṣé ẹ rí i, Ọlọ́run fi irọ́ mi ṣe ohun rere. Aṣọ náà kò gùn tó. Bí mo bá fi bo orí, ẹsẹ̀ á yọ.

Nítorí àwọn ará agbo ilé kò gbé iṣẹ́ fún Kọ̀jó mọ́. Wọ́n ní ilẹ̀kùn tí ẹni tí ààrá mú bá kàn, ààrá ti mọ ọ̀nà rẹ̀. Wọn kò bá a jà, wọn kò bú u. Wọ́n kàn ń lọ gbé ilẹ̀kùn wọn láti ibòmíràn ni. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, wọn kò jẹ́ kó kan pósí rẹ̀. Ó ti la pákó sílẹ̀. Ó dúró ti pákó náà lẹ́yìn ilé, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á bí ẹni ń ra ẹ̀yìn ọmọ. Mo lọ dúró tì í. Ó ní, "Ànàgó, o ṣé tí o kò sá fún mi." Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́. Mo gba ọpẹ́ náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú ó kó lọ sí ìlú Datcha. Ibẹ̀ ló wà títí di òní.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Afi, ọmọbìnrin rẹ̀, gun ọ̀kadà dé ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ń bá èèyàn tẹ̀wé nínú ọjà Atakpamé. Ó gbé ẹrù kan lé itan, ó ń rẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹpútà ni, irú ti ayé àtijọ́ yẹn gẹ́lẹ́. Ó rí i láàárín ẹrù òkèèrè tí wọ́n dà sílẹ̀ lọ́jà.

Ó pè mí bí àwọn Faransé ti ń pe àbúrò bàbá, ó ní, "Tọ́ńtọ̀n, apá ọ̀tún Bàbá kò lágbára mọ́ láti ìgbà àìsàn rẹ̀. Dókítà ní kó máa fi ọwọ́ náà ṣeré. Bọ́tìnnì kékeré kò ṣeé tẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó ní àpótí kan wà lọ́dọ̀ yín tó ní ọ̀pá ńlá."

Mo bi í pé ṣé ẹ̀rù kò ba bàbá rẹ̀.

Ó ní, "Èmi náà bi í. Ó ní àpótí náà mọ́. Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ fún òun pé ààrá kò kàn án, ẹ kò sì purọ́ fún òun rí."

Ó lọ, ó ní òun yóò padà wá lọ́jọ́ kejì ọjà ìlú Moretan tó ń bọ̀, kí a jọ lọ sí Datcha. Mo gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà. Eruku nìkan ló wà lára rẹ̀. Eyín igi Kọ̀jó kò yẹ̀ ní igun kankan. Mo ṣí ìdí púlọ́ọ̀gì, wáyà pupa mi sì wà níbẹ̀, lórí ẹsẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí irọ́ rìn jìnnà tó, òtítọ́ á bá a. Wọn kò sọ fún wa iye ohun tí irọ́ yóò ti jẹ lójú ọ̀nà.

Ó rọrùn láti tún un ṣe. Irin ìjówáyà mi gbóná lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, mo sì gbé e sílẹ̀. N kò tíì yí wáyà náà padà. Mo fẹ́ kí Kọ̀jó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Káfíńtà ni, yóò mọ ibi tí wọ́n so nǹkan pọ̀ sí tí kò yẹ. Lẹ́yìn náà ni n ó tún un ṣe níwájú rẹ̀, bí ó bá ṣì fẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé kí n sọ fún òun nìkan ní Datcha, kí ó sì ṣe é bó ti fẹ́? Tàbí kí n kọ́kọ́ lọ sí agbo ilé wọn, kí n jókòó síbi tí wọ́n mú un jókòó sí gan-an, kí n sọ ọ́ létí gbogbo wọn? Níwájú èèyàn lorúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ pé ààrá kò wá rárá, ǹjẹ́ ẹnìkan kò ní dìde pé kí àwọn ọmọ Ìyá Yáwà kúrò lórí ilẹ̀ yẹn? Pèrègún yẹn, òtítọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí kí òtítọ́ tèmi má lọ ba òtítọ́ tirẹ̀ jẹ́.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ ọjà tó pé. Kí ẹ sì bá mi bẹ Kọ̀jó. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ ọ́, nítorí pé mo purọ́. Èmi tí mo purọ́ ni n kò tíì dọ̀bálẹ̀.