Ẹsẹ̀ Màmá tí Mo Gbé Sórí Wasáàpù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò kọ orúkọ mi. Mo sì ti yí orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn padà. Ó ti lé ní ọdún kan tí nǹkan yìí ti wà níkùn mi, ọkọ mi pàápàá ò gbọ́ ọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ló jẹ́ kí n kọ̀wé.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹsẹ̀ nìkan ni mo ń tọ́jú: egbò àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, gìgísẹ̀ tó là, èékánná tó ń wọnú ẹran. Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ore, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ní nọ́ọ̀sì tirẹ̀. Àwọn awakọ̀ á yọjú, wọ́n á ní ṣé bàtà ni mò ń tà. Àbúrò mi ló ní kí n máa gbé iṣẹ́ mi sórí Wasáàpù àti Fesibúùkù. Ó ní kí n fi àwòrán ẹsẹ̀ tó bàjẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti san, pé ohun tí èèyàn bá fojú rí ló ń gbàgbọ́.

Ìyá kan wà tí mo máa pè ní Màmá. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n ní Ajue, ìyá ìjọ sì ni wọ́n nílé àdúrà wọn. Dúpẹ́, ìyàwó ọmọ wọn, ló máa ń bá wọn gun ọ̀kadà wá sọ́dọ̀ mi. Egbò wà lẹ́sẹ̀ wọn, àtọ̀gbẹ ò jẹ́ kó jinná. Màmá ń gbàdúrà, èmi ń wẹ egbò, fún oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ tó jinná, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ọma mi, má jẹ́ kí ghan gbọ́ pé mo wá síbí o. Mo ti jẹ́rìí nínú ìjọ pé omi àdúrà nìkan ni mo lò."

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé àwọn ará ìjọ wọn ò ní gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Mo ti fi fóònù ya àwòrán ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sì tún yà á lọ́jọ́ tó jinná. Mi ò tọrọ àyè. Màmá rò pé iná fóònù ni mo fi ń wo egbò. Ojú wọn ò sí nínú àwòrán, orúkọ wọn ò sí níbẹ̀, ni mo bá gbé e síta. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti ń pè mí láti Ago Alaye dé Araromi-Obu. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Bàtà la máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tiwa. Ní tiwọn, ìjọ aláṣọ funfun, ẹni tó bá ti wọ sùtánà, ẹsẹ̀ lásán ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ lẹ́yìn ara wọn, ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú sì ni ojú ń rí. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ Màmá kan gun èkejì lórí. Àwọn ará ìjọ mọ ẹsẹ̀ yẹn bí wọ́n ṣe mọ ojú Màmá. Àwòrán náà lọ láti fóònù dé fóònù títí ó fi dọ́dọ̀ wòlíì, wọ́n sì gba ipò ìyá ìjọ lọ́wọ́ Màmá nítorí ẹ̀rí èké.

Màmá àti ọkọ Dúpẹ́ wá bá mi. Mo ti pa àwòrán náà rẹ́. Màmá ní ta ló ya ẹsẹ̀ àwọn. Mo ní àwọn èèyàn ló máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi, pé mi ò fura pé tiwọn ni èyí, mi ò sì mọ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ká ní mo dákẹ́ síbẹ̀ ni, ìbá sàn. Mo tún fi kún un pé, "Ẹni tó máa ń bá yín wá náà ṣáà ní fóònù."

Ọkọ Dúpẹ́ kàn mi orí. Lọ́sẹ̀ yẹn ni Dúpẹ́ kó ẹrù padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ago Alaye.

Ó wá bá mi kó tó lọ. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà sọ fún wọn pé èmi kọ́." Mo ní mi ò mọ nǹkan kan. Ó wò mí, ó wo fóònù ọwọ́ mi, ó jáde.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbé àwòrán tuntun sórí Wasáàpù, orúkọ Dúpẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ hàn nínú àwọn tó wò ó. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan rí. Kí ló ń wá? Ṣé ó tọ́jú àwòrán àtijọ́ ni? Bí oníbàárà bá béèrè bí mo ṣe ń rí èèyàn tó pọ̀ tó báyìí, ara á fu mí. Mo máa ń rò ó pé ta ló rán an wá. Bí ọkọ mi bá ń rẹ́rìn-ín sí fóònù, mo máa ń yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Màmá dá nìkan wọlé. Egbò ti padà, ó sì jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀.

"Ọma mi, ìwọ nìkan ló kù tí mo lè fi ẹsẹ̀ yìí hàn."

Bí mo ṣe ń wẹ egbò, ojú mi ni wọ́n ń wò. Lójijì ni wọ́n ní, "Fóònù rẹ dà?" Mo ní ó wà nínú àpò. Wọ́n ní, "Ó dáa." Títí di báyìí, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n fọkàn tán mi ni, àbí wọ́n ti mọ̀ tí wọ́n ń dán mi wò.

Ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún Màmá, ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní wá mọ́, wọ́n sì lè pàdánù ẹsẹ̀ yẹn. Bí mo bá dákẹ́, mo gbọ́ pé àwọn ẹbí ti ń bá ọkọ Dúpẹ́ wá ìyàwó míì. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni Màmá ń padà bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ nígbà tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀?

Dúpẹ́, mo mọ̀ pé o máa ń ka gbogbo nǹkan. Bí o bá ka èyí, ìwọ kọ́. Èmi ni.