Bí Alhaja Sarat Ṣe Ń Ṣí Ojú Ìwé

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ fẹ́ gbé eré mi padà sórí ìtàgé lọ́dún yìí, ẹ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú fún un, kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ṣẹ̀dá Ìyá Olóòótọ́, obìnrin inú eré náà tí gbogbo ènìyàn ń fi rẹ́rìn-ín. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà, mo sì ti fà á ya, nítorí irọ́ ló kún inú rẹ̀. Òtítọ́ ló kù tí mo lè kọ báyìí, ó sì ti pẹ́ jù nínú mi. N kò ṣẹ̀dá obìnrin kankan. Mo jí i ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ènìyàn tí Dúrójaiyé tí ẹ ń pè ní Ọ̀gá jẹ́. Olófìn-íntótó ni mí láti kékeré. Bí tọkọtaya bá ń jà nínú kẹ̀kẹ́ Nápẹ̀, mo lè kọjá ibi tí mo ń lọ nítorí kí n lè gbọ́ bó ṣe parí. Òun náà ni mo fi ń kọ́ yín: pé kí òǹkọ̀wé má wulẹ̀ sọ fún wa pé ahun ni ẹnì kan, kó jẹ́ ká bá a níbi tó ti ń ka ẹran inú ọbẹ̀. Ìwà ni yóò sọ irú ẹni tó jẹ́, yóò sì sọ irú ìlú tó bí i. Ẹ máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ọgbọ́n ńlá ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Zaria láti wá ṣiṣẹ́ olùkọ́, Sabon Gari ni mo gbé, nílé Alhaja Sarat, ọmọ Ìlọrin tó ń ta bùtá àlùwàlá àti abọ́ tánganran lọ́jà. Ó fẹ́ràn mi. Bó bá ti se túwó, yóò bu tèmi. "Malam, haba! Ṣé ìwé lò ń jẹ ni? Wo bí o ṣe gbẹ!" Lọ́jọọjọ́ Àìkú, àwọn obìnrin asalátù máa ń pé jọ sí pálọ̀ rẹ̀ láti ka Kùránì. Òun ni olórí wọn, wọ́n sì ti ń múra láti fi í jẹ oyè Ìyá Súnnà.

Fèrèsé yàrá mi dojú kọ pálọ̀ yẹn. Lọ́jọ́ kan, mo ṣàkíyèsí pé Alhaja kì í ṣí ojú ìwé títí ẹni tó jókòó tì í yóò fi ṣí tirẹ̀. Yóò fi ìka kan ètè, yóò dúró díẹ̀, yóò yọjú wo ìwé ẹnìkejì, kó tó wá ṣí i. Mo ṣọ́ ọ lọ́sẹ̀ kejì, bákan náà ni. Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he. Alhaja Sarat kò mọ̀wé kà! Èmi, ọ̀tọ̀kùlú olùkọ́, mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnì, mo ń yọ́ àwọn obìnrin wò níbi tí wọ́n ti ń sin Ọlọ́run wọn.

Bí mo ṣe kọ eré nípa àgàbàgebè nìyẹn. Mo sọ Zaria di Kano, mo sọ bùtá di aṣọ, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ kan ojú ìwé yẹn, òun ló dùn jù. Ṣé mo wá fi eré náà pa mọ́ fún un ni? Rárá o. Èmi fúnra mi ni mo pè é wá wò ó ní gbọ̀ngàn kan ní Sàmárù, òun àti àwọn obìnrin asalátù, àti Mujeebat, opó tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fi sílẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé. Mo ní kí wọ́n wá gbádùn ara wọn. Irọ́ ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn lè rí ara rẹ̀ lórí ìtàgé kó má dá ara rẹ̀ mọ̀.

Òṣèré náà fi ìka kan ètè, ó yọjú, ó ṣí ìwé. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Alhaja náà rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí òṣèré ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, àwọn obìnrin asalátù ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ń wo Alhaja. Òun náà wò wọ́n, ó sì fi ìborùn bo ẹnu. Ẹlòmíràn ni wọ́n fi jẹ Ìyá Súnnà.

Lọ́jọ́ kejì, ó pè mí sí pálọ̀. Mujeebat wà níbẹ̀, ó gbé tíì dání.

"Malam, eré ni eré, n ò bá ọ jà. Nǹkan kan ni mo fẹ́ mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ọ̀rọ̀ yìí nípa mi. Ṣé òun ló sọ fún ọ?"

"Alhaja, wallahi, n ò bá a sọ nǹkan kan!" Mujeebat kígbe, ó sì kọjú sí mi. "Malam, ẹ sọ fún wọn!"

Gbólóhùn kan péré ni ì bá yanjú ọ̀rọ̀: fèrèsé ni mo ti rí i. Ṣùgbọ́n wọn ì bá lé mi jáde, gbogbo Sabon Gari ì bá sì gbọ́ pé Malam ń yọ́ obìnrin wò. Mo bá rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i."

Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo sọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ni. Mo sì mọ iṣẹ́ tí yóò ṣe, nítorí iṣẹ́ mi ni láti mọ̀ ọ́n. Alhaja ò tún wo Mujeebat mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Mujeebat ti di ẹrù rẹ̀ lọ sí Hayin Dogo, àdúgbò mìíràn ní Zaria. Kó tó lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. "Malam, kí ni mo fi ṣe yín?" Mo ṣe bí ẹni tó ń kàwé. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí èyí, àwọn méjèèjì ò sì rí ara wọn sójú.

Lọ́dún yìí ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú mi nílé ìwòsàn kan ní Hanwa. Fún ìgbà pípẹ́, gbogbo nǹkan ń ṣe bàìbàì lójú mi. Bí àlejò bá dé, mo máa ń gbé ìwé ìròyìn síwájú, mo ń ṣí i. Tiwátọ́pẹ́, ọ̀kan nínú yín, tó ń wá ka eré náà sí mi létí, rọra sọ lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, ẹ dorí ìwé yẹn kodò o." Ojú tì mí dọ́ba. N kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ, mo kàn ò fẹ́ kí wọ́n káàánú mi ni.

Ó wá bi mí pé, "Kí ló dé tí Ìyá Olóòótọ́ ò fi mọ̀wé? Ẹ ò sọ ọ́ níbì kankan nínú eré."

Èmi tí mo ń tọ pinpin ohun gbogbo, n kò béèrè ìyẹn rí. Mo ní kó mú mi lọ sí Hayin Dogo. Mujeebat fún mi lómi mu kó tó dá mi lóhùn. Ó ní bàbá Alhaja fi àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ sílé kéwú, ó sì gbé igbá ọjà ru Sarat. Òun Mujeebat ló ń kọ́ ọ níkọ̀kọ̀, lọ́sàn-án, lẹ́yìn ìsọ̀. "Ó ti ń ka Fátíhà fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n dé ló ń wá nínú ìwé ẹnìkejì yẹn, kó lè bá wọn kà. Láti ọjọ́ eré yín, wọ́n ní kò fọwọ́ kan ìwé mọ́."

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mo rí, àgàbàgebè ni mo kọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá rí ìwà kan tó dùn ún fi ṣeré, ẹ béèrè ibi tó ti wá kí ẹ tó gbé e síwájú èrò. Eré yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Kò sí Mujeebat tó ń kọ́ Alhaja nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú yìí, n ó lọ sí Sabon Gari. Mujeebat ti ní òun yóò bá mi lọ, ṣùgbọ́n ìta lòun yóò dúró títí Alhaja yóò fi pe òun. N ó kúnlẹ̀ ní pálọ̀ yẹn, n ó sọ gbólóhùn tí mo gbé mì, n ó sì tọrọ àforíjì, bí wọ́n fún mi, bí wọn ò fún mi. Bí Alhaja bá ké pe Mujeebat, n ó dìde, n ó jáde, n ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀. Ó dájú pé n ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. N kò ní yọjú wò wọ́n lójú fèrèsé.